Bíréèkì Ṣáájú Ọ̀dà: Bí Golf Àtijọ́ Ṣe Ń Tún Dìde ní Ìbàfo, Mowé àti Ìfọ̀

Ẹni tó bá jáde kúrò ní Èkó láti Berger, tó dojú kọ ọ̀nà Ìbàdàn, Kara ló máa kọ́kọ́ bá, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù. Bó bá ti gun Long Bridge tán, tó fi Arépo àti Màgbòrò sẹ́yìn, Ìbàfo ló kàn. Bó bá tún lọ síwájú díẹ̀, ó dé Mowé nìyẹn. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, bíi kìlómítà 127 sì ni gígùn rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Òun gan-an ló sọ oko di ilé, tó sọ abúlé di ìlú ní gbogbo agbègbè náà. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni Ìbàfo àti Mowé, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ti ń jẹun. Ilé wọ́n ní Èkó, owó ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ sétí. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a ló bá kọjá Odò Ògùn wá síbí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn oníṣòwò ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ àti àpò. Dáńfó tó kún fọ́fọ́ kì í fẹ́ gbé ẹrù. Èyí tó bá gbà láti gbé e, owó ẹrù á fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ènìyàn lọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá o. Ìyá tó ń ta ìrẹsì, télọ̀ tó ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, káfíńtà tó ń gbé àga tó kàn lọ sílé ẹni tó ni ín, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, bó ti wù kó gbó tó, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìjà kọ̀ńdọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó dà? Ohun tó mú kí Golf àtijọ́ di ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù nìyẹn.

ỌKỌ̀ TÓ Ń ṢÍLẸ̀KÙN Ẹ̀YÌN

Ẹ rìn wọ inú àdúgbò ní Mowé tàbí Ìbàfo, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i: Golf kan níwájú ilé tí wọn kò tíì rẹ́ tán, táyà rẹ̀ wà lọ́tọ̀, bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí kò ní búùtù tó yọ sẹ́yìn bíi ti Peugeot 504. Ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ ló jọ ń ṣí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ká àga ẹ̀yìn lélẹ̀, inú rẹ̀ á là gbalaja títí dé ẹ̀yìn awakọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé, ìkòkò ńlá onílé-oúnjẹ náà wọlé.

Ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní ìlú Wolfsburg, ilẹ̀ Jámánì, kọ́kọ́ gbé Golf jáde láti rọ́pò Beetle, ọkọ̀ tó bò bí igbá ìjàpá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Giorgetto Giugiaro, ló ya àwòrán Golf náà. Golf 2 dé ní 1983, Golf 3 dé ní 1991. Nílẹ̀ yìí, ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry. Beetle wà níbẹ̀, Passat wà níbẹ̀, Igala àti Jetta náà jáde níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ lọ, ọgbọ́n ọwọ́ kò lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ti mọ ìdí ẹ́ńjìnnì Volkswagen kọ́ ọmọ iṣẹ́ mìíràn, onítọ̀hún náà sì kọ́ ẹlòmíì.

Golf tòkunbọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Kùtọnu, wọ́n ń gba Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò. Ní January 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀, wọ́n ní èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ni kí wọ́n máa gbà. Ní June 2023, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye rẹ̀, náírà sì já wálẹ̀ bí ìgbà tí àgbọn já láti orí igi. Láti ìgbà náà ni owó tòkunbọ̀ ti kúrò ní ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi àjọ ọdún kan ra. Ẹni tó ní Golf tó ti kú sẹ́yìn ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé àtúnṣe kò ní dùn ju àrà lọ báyìí?

Ó lè dùn. Ó sì lè di ihò tó ń gbé owó ọjà mì. Ohun tó ń pààlà sí méjèèjì ni ètò: kí ni a kọ́kọ́ ṣe, kí ni a fi ṣe ìkẹyìn.

OHUN TÓ Ń DÁ ỌKỌ̀ DÚRÓ

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá jí ọkọ̀ àtijọ́ dìde, ọ̀dà ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ kùn. Ọkọ̀ á pupa yòò, wọ́n á gbé àwọ̀n tuntun sórí àga, wọ́n á fi rédíò tó ń dún gbàmùgbàmù sí i, àwọn ará àdúgbò á sì wá kí wọn kú oríire. Bẹ́ẹ̀, páàdì bíréèkì ti jẹ dé irin. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò mọ ọ̀dà o! Títì tí tírélà àti bọ́ọ̀sì ti ń sáré tẹ̀lé ara wọn kì í bi ọkọ̀ léèrè bóyá ó dán.

Ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò lọ, ilé ni yóò jókòó sí, kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tó ń lọ tí kò lè dúró, ikú ni. Nítorí náà, náírà àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ti bíréèkì ni. Páàdì iwájú, láínìn ẹ̀yìn, páìpù tí omi bíréèkì ń gbà kọjá, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Omi bíréèkì fúnra rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá pẹ́ jù, tí bíréèkì sì gbóná, ọ̀rinrin náà á hó, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ á rì wọlẹ̀ gbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Àwọn kan wà tó máa ń da òróró ẹ́ńjìnnì sí i torí pé kò sí owó lọ́wọ́. Ẹ má ṣe dán an wò! Rọ́bà inú bíréèkì á wú, á sì bàjẹ́, ọjọ́ tí ẹ kò retí ni yóò dá yín lójú tì.

Táyà ló tẹ̀lé e. Táyà àlòkù tí wọ́n fi ìpara dúdú pa tó ń dán bí bàtà ìyàwó, ẹ má fi ojú lásán rà á. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀. Nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 0811, ọ̀sẹ̀ 8 nínú ọdún 2011 ni, ẹ yáa gbé e padà fún fọganáísà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Rọ́bà a máa gbó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rìn rárá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kò yéé pariwo ọ̀rọ̀ táyà yìí. Mẹ̀kúnnù ló sì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ olówó ni.

Lẹ́yìn táyà, ó kan àwọn ohun tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ra: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, búṣì, ṣọ́ọ̀kì. Bí ọkọ̀ bá wọ gegele tó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ yẹn. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó bá já lórí eré, táyà á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, awakọ̀ kò ní lè yí ọkọ̀ náà mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú, ẹ̀yin tó ń tún ọkọ̀ ṣe nílé. Bíríkì oníhò tí wọ́n fi ń kọ́lé kì í ṣe ohun tí à ń gbé ọkọ̀ lé kí á tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó lè gbé odindi ilé, nítorí pé ẹrù ilé tẹ́ lé e bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lójú kan lè fọ́ ọ lójijì láìkìlọ̀. Jáàkì nìkan náà kò tó, nítorí jáàkì lè yọ̀. Wẹ́dà àdúgbò lè fi irin ṣe ìdúró ọkọ̀ tó ní ẹsẹ̀ 3 tàbí 4. Gẹdú tó nípọn tí wọ́n tò lágbèéká náà sàn ju bíríkì lọ. Golf kan wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù kan. Àyà ènìyàn kò lè gbà á.

OMI GBÍGBÓNÁ ÀTI EPO ỌWỌ́N

Títí di May 29, 2023, epo bẹntiróò kò tó 200 náírà lítà kan. Ọjọ́ náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí July ọdún náà tó parí, ó ti di 617 náírà, ní 2024 ó sì kọjá 1,000 ní ibi púpọ̀. Nítorí náà, Golf tó ń mu epo bí ẹni ń mu omi kì í ṣe ìrọ̀rùn fún oníṣòwò mọ́.

Ohun kan wà tí ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì kan ti mọ́ lára, tó sì yẹ kí a yẹ̀ wò. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, kí ni à ń fi thermostat ṣe? Wọ́n á yọ ọ́ jù sínú igbó. Thermostat ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Nǹkan bíi ìwọ̀n 87 lórí òǹwọ̀n ooru ni ti Golf máa ń ṣí. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá gbóná tó, epo ló ń mu, òróró rẹ̀ á sì tètè dọ̀tí. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, kì í ṣe ìlẹ̀kùn ló ṣẹ̀. Ẹ wo fáànù bóyá ó ń yí, ẹ wo réjíétọ̀ bóyá ó ti dí. Omi kànga lásán tí wọ́n ń dà sí i lójoojúmọ́ ló ń mú kí inú rẹ̀ dípẹtà. Owó kúláǹtì kò tó owó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ẹni tó ti sun ọ́n rí.

Ìkejì ni ti injection. Golf 3 ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ń ṣe ségesège, àwọn kan á ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbé kábúrétọ̀ Golf 2 sí i. Ọkọ̀ á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kò ní ojú tó fi ń rí bí afẹ́fẹ́ àti ooru ṣe ń yí padà, epo ni yóò sì fi san án. Nígbà púpọ̀ jù lọ, wáyà kan tó já, tàbí rọ́bà afẹ́fẹ́ kan tó ya, ló dá gbogbo ìjàngbọ̀n náà sílẹ̀. Kí wọ́n tó fa ẹ̀rọ tu, kí wọ́n kọ́kọ́ wá wáyà.

Wáyà náà ni iná. Fíúùsì tó bá jó, ó ń sọ pé nǹkan kan ti kan ara wọn níbi kan. Ẹni tó bá fi wáyà nínípọn rọ́pò fíúùsì kí iná má baà já mọ́, ẹni náà ti yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí yóò jó kò ní jẹ́ fíúùsì mọ́, ilé ọkọ̀ ni. Ẹ bẹ rìwáyà kó fi fíúùsì tó bá a mu sí i, owó rẹ̀ kò tó owó ẹ̀kọ àti àkàrà.

LÁTI Ọ̀NÀ ÌBÀDÀN SÍ Ọ̀NÀ ABẸ́ÒKÚTA

Ìfọ̀ kò sí lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Mowé lè padà sí Berger, kó gba Agége àti Abúlé Ẹ̀gbá jáde sí Sángo Ọ̀tà, kó wá máa lọ tààrà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìfọ̀ á dé, Pápálántò àti Ewékorò wà níwájú. Ìlú rélùwéè ni Ìfọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìfọ̀ ni ọ̀nà irin kejì ti ya lọ sí ìhà Ìlaròó àti Ìdógò. Ìlú tí irin bá gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn tó mọ irin í lù kì í wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀nà yìí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ọkọ̀ ńlá ló sì ń kó o. Òjò àti ẹrù wúwo ti fojú ọ̀nà náà rí màbo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ti Mowé bá jẹ́ eré, ti Ìfọ̀ jẹ́ kòtò. Ṣọ́ọ̀kì àti búṣì ni ọ̀nà yìí ń jẹ, isàlẹ̀ ọkọ̀ sì ni ó ń fọwọ́ kàn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpẹtà ti wọlé. Golf tòkunbọ̀ ti gbé ní ilẹ̀ òtútù. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, òkè rẹ̀ ń dán, abẹ́ rẹ̀ ti dà bí bísíkíìtì. Ibi tí ẹ ó wò ni irin gígùn tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn, ibi tí táyà ẹ̀yìn gbé ń yí, orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì so mọ́, àti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ mú sukurudíráfà, ẹ fi gún un. Bó bá wọlé, irin ti tán níbẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó mọ iṣẹ́ á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò títí tó fi dé irin tó dára, á wá jó irin tuntun mọ́ ọn. Èyí tí kò fẹ́ wàhálà á pọ́n ọn, á fi bọ́dì-fílà dí i, á fi ọ̀dà bò ó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀dà á wú bí ojú tí agbọ́n ta. Ohun tí kò dára jù níbẹ̀ ni pé irin wọ̀nyẹn ló di ọkọ̀ mú bí ìjàǹbá bá dé. Bọ́dì-fílà kì í ṣe irin. Kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

ÀRÀ TÍ WỌ́N Ń FI Ọ́KỌ̀ DÁ

Kárí ayé ni wọ́n ti ń fi Golf dárà. Láti 1982, fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn olólùfẹ́ Golf máa ń pé jọ ní ọdọọdún ní abúlé kan tó ń jẹ́ Reifnitz, létí adágún omi kan ní ilẹ̀ Austria. Wọ́n tilẹ̀ fi òkúta gbẹ́ ère Golf síbẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, àrà ńlá ni kí wọ́n rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ gbálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Gbígbé sókè ni. Wọ́n á fi rọ́bà há àárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga ju kòtò lọ. Díẹ̀ kò burú, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa mì lórí eré, ohun tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú á sì tètè jẹ. Sípíríǹgì tuntun tó bá ọkọ̀ mu sàn ju rọ́bà lọ.

Ọmọ Yorùbá náà ti dárà tó ju èyí lọ. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, gba Beetle àtijọ́ kan, ó gbé ohun tó ń gba agbára oòrùn sórí òrùlé rẹ̀, ó fi ohun tí afẹ́fẹ́ ń yí síwájú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí kò mu epo. Púpọ̀ nínú ohun èlò tó lò ló jẹ́ àlòkù àti ohun tí àwọn ènìyàn fún un. Èyí fi hàn pé orí ń bẹ nílẹ̀ yìí, owó ló kù.

Ti gáàsì CNG tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní 2023 náà dára fún dídín owó epo kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Golf kó rò ó dáadáa, nítorí inú búùtù ni sílíńdà máa ń jókòó sí, ibi ẹrù á sì dín. Ẹ tún má gbà kí ẹnikẹ́ni jó sílíńdà pọ̀ fún yín, tàbí kó fi sílíńdà gáàsì ìdáná ṣe é. Agbára gáàsì inú CNG ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ó dín díẹ̀. Ní October 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù ní Benin níbi tó ti ń ra gáàsì. Àwọn aláṣẹ ní sílíńdà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn jó pọ̀ ni.

ÀJỌ ÀTI ÀÁRÓ

Báwo wá ni ẹni tí kò ní owó púpọ̀ yóò ṣe ṣe gbogbo èyí? Ọ̀nà méjì tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Èkíní ni àjọ. Ẹ má dúró dìgbà tí owó odindi ọkọ̀ bá pé. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí ipele. Àjọ oṣù yìí fún bíréèkì, ti oṣù tó ń bọ̀ fún táyà. Ẹ má fọwọ́ kan owó ọjà. Ẹni tó bá ta àgbàdo gbìn láti fi ra agbọ̀n, kí ni yóò kó sínú agbọ̀n náà?

Èkejì ni àáró. Nígbà àtijọ́, àgbẹ̀ 5 á para pọ̀ ro oko ẹnìkan lónìí, wọ́n á ro ti ẹnìkejì lọ́la. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Télọ̀ lè rán ìbòrí àga fún wẹ́dà, wẹ́dà á jó irin abẹ́ ìlẹ̀kùn fún un. Ìyá olóúnjẹ lè bọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Kí wọ́n ṣáà fi ẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àdéhùn ẹnu lásán ló ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láìbẹ ẹnikẹ́ni: pípààrọ̀ òróró àti fítà, púlọ́ọ̀gì, fífọ enu bátìrì tó ti hu funfun, fífi sáńdípépà pọ́n ara ọkọ̀ kí ó tó kan apẹ́ńtà. Ohun tó bá kan bíréèkì, irin jíjó, àti bẹ́líìtì tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kí á gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Òwódé Onírin, kí wọ́n mú èyí tó bàjẹ́ dání, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n ń rà. Àpèjúwe ẹnu kì í bá irin mu.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, kí wọ́n wo ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Kò sí àtúnṣe tó lè sọ ọkọ̀ olè di ọkọ̀ ẹni.

Bí a bá pín owó àtúnṣe sí ọ̀nà 10, kí 4 lọ sí bíréèkì, táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kí 3 lọ sí ẹ́ńjìnnì, omi àti wáyà. Kí 2 lọ sí irin tó ti dípẹtà. Ọ̀kan tó kù ni ti ọ̀dà àti àga. Bí owó bá sì tán kó tó kan ọ̀dà, ẹ fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ni yóò pa owó ọ̀dà ara rẹ̀.

ÌRẸSÌ Ọ̀FADÀ MẸ́FÀ PÉRÉ

Láti Mowé, ọ̀nà kan yà wọ inú lọ sí Ọ̀fadà, ìlú tó fún ìrẹsì ọ̀fadà ní orúkọ. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá oníṣòwò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ gbà. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣírò kí wọ́n tó di ẹrù. Ènìyàn 5 ni wọ́n ṣe Golf fún. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá wúwo tó kílò 75, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 375. Awakọ̀ kan pẹ̀lú àpò ìrẹsì oníkílò 50 mẹ́fà, kílò 375 náà nìyẹn. Àpò 6 pé. Àpò 12 kì í ṣe èrè, bíréèkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àjọ oṣù kan tún ṣe ni wọ́n fẹ́ fi tọrẹ.

Kí ìrìn àkọ́kọ́ jẹ́ ìrìn kúkúrú, ní ọ̀sán, lójú ọ̀nà tí kò ní èrò. Kí wọ́n tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi tó tẹ́jú kí wọ́n tó bọ́ sí títì ńlá. Bí wọ́n bá ti rin bíi kìlómítà 50, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì táyà dì, kí wọ́n wo omi, kí wọ́n wo òróró, kí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń kán sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí àwọn aládùúgbò ń fi ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ní ọ̀dà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Mowé, bó bá lọ tó bọ̀, tí ọjà rẹ̀ pé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́ tó fun fèrè lẹ́nu géètì lálẹ́, ọkọ̀ ló ní yẹn.